Mímú Rísẹ́pítọ̀ Sẹ́ẹ̀lì Ológun Ara Tají Láti Dènà Lìmfómà Tí Fáírọ́ọ̀sì Ń Fà

Lìmfómà ni orúkọ ọ̀wọ́ àrùn jẹjẹrẹ kan tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, èyíinì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bá àrùn jà nínú ara. Oríṣiríṣi ni lìmfómà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nínú wọn gidigidi. Èyí tí ó kan ọmọdé jù lọ ní apá ọ̀dọ̀ wa, láti Èjìgbò títí dé Abidjan, ni lìmfómà Burkitt, tí fáírọ́ọ̀sì EBV àti àìsàn ibà jọ ń tì lẹ́yìn. Ojú-ìwé yìí ṣàlàyé bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ológun inú ara ṣe ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì náà, ìdí tí ìṣọ́ náà fi ń yẹ̀ nígbà mìíràn, àti ibi tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bá a dé nínú akitiyan wọn láti ta àwọn sẹ́ẹ̀lì náà jí kí jẹjẹrẹ má baà bẹ̀rẹ̀ rárá.

A kọ ọ́ ní pàtàkì fún àwọn tí ń ṣòwò ní Grand Marché de Treichville, ní Abidjan, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń pàtẹ, tí wọ́n sì ń tọ́mọ láti ìran dé ìran. Ìmọ̀ràn kì í wọ́n ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bá wú, ẹnìkan yóò ní eyín ni, ẹlòmíràn yóò mú kápúsù inú ọ̀rá wá, ẹnìkẹta yóò sì gbé ìgò kan kalẹ̀ tí a kọ sí lára pé ó ń mú agbára tí ara fi ń bá àrùn jà pọ̀ sí i. Owó ìgò náà kọ́ ni àdánù tí ó tóbi jù. Ọjọ́ ni ó ń lọ, jẹjẹrẹ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni a ṣe fi àmì àrùn ṣáájú àlàyé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Àmì tí ó yẹ kí a tètè kíyè sí

Lìmfómà Burkitt wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ń yára dàgbà jù lọ lára ọmọ ènìyàn. Iye sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 24 sí 48. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ rí kókó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú lè di ẹni tí kò lè pa ẹnu dé dáadáa kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́sàn-án ni ó máa ń mú jù, ó sì máa ń mú ọkùnrin ju obìnrin lọ.

Egungun àgbọ̀n, ti òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, ni ó sábà máa ń ti yọjú. Eyín ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì láìjẹ́ pé ó jẹrà, tàbí kí ẹyinjú kan máa tì síta. Lára àwọn ọmọ mìíràn, ikùn ni yóò wú, nítorí pé àrùn náà ti wọ kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, tàbí ilé ẹyin ọmọbìnrin. Bí ó bá kan ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ọmọ lè rọ, ó sì lè má lè tọ̀ bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni èyí, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Wíwú náà kì í sábà dun ọmọ púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àìdunni yìí gan-an ni ó sì ń tan òbí jẹ.

Lóòótọ́, eyín tí ó jẹrà lè mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, èyí sì wọ́pọ̀ ju jẹjẹrẹ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n wíwú ti eyín sábà máa ń gbóná, ó máa ń dunni, ó sì máa ń fà sẹ́yìn bí dókítà eyín bá tọ́jú rẹ̀. Wíwú tí kò bá fà sẹ́yìn láàárín ọjọ́ mélòó kan, tàbí tí ó ń tóbi lójoojúmọ́, ilé-ìwòsàn ńlá ni ibi tí ó yẹ kí a gbé e lọ. A rọ àwọn òbí kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín tí ń mì fún ọmọ láìjẹ́ pé dókítà ti mọ ohun tí ń mì í.

Fáírọ́ọ̀sì tí ó wà lára gbogbo wa

Ní 1958 ni Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Mulago ní Kampala, tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa irú wíwú yìí lára àwọn ọmọ Uganda. Ní oṣù kẹta 1961 ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní London, Anthony Epstein sì wà láàárín àwọn tí ó gbọ́ ọ. Burkitt ṣàlàyé pé ibi tí òjò àti ooru bá pọ̀ ni àrùn náà ti wọ́pọ̀, èyí sì mú kí Epstein rò pé kòkòrò kan gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfuurufú gbé díẹ̀díẹ̀ lára wíwú náà láti Uganda lọ sí London. Nígbà tí ó di 1964, Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr kéde pé àwọn ti rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Orúkọ Epstein àti ti Barr ni ó wà nínú EBV. Achong, ọmọ Trinidad tí òun náà fọwọ́ sí ìwé yẹn, kò rí lẹ́tà kankan gbà nínú rẹ̀.

Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú àgbàlagbà mẹ́wàá ní gbogbo àgbáyé tí ó ní EBV lára. Inú itọ́ ni ó ń gbà kọjá láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti ní i kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta, láti inú ife tí a jọ mu, oúnjẹ tí a jẹ rọ̀ fún wọn, tàbí ìfẹnukonu lásán. Kò sí ìyá tí ó yẹ kí a dá lẹ́bi nítorí èyí. Kò sí ìmọ́tótó tí ènìyàn lè fi sá fún un pátápátá. Títí di àkókò tí a kọ ojú-ìwé yìí, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún EBV tí ìjọba kankan fọwọ́ sí.

Bí fáírọ́ọ̀sì náà bá ti wọ ara, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B ni ó máa ń sá pamọ́ sí, kò sì ní jáde níbẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kò ní ṣe nǹkankan. Ìbéèrè tí ó wá kàn ni èyí: bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa ni a gbé fáírọ́ọ̀sì yìí rù, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ni ó ń di jẹjẹrẹ lára wọn?

Rísẹ́pítọ̀, etí sẹ́ẹ̀lì

Sẹ́ẹ̀lì kò ní etí, kò sì ní ojú. Ohun tí ó ní ni àwọn èròjà kéékèèké tí ó yọ síta lára awọ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ohun kan pàtó ni ó lè bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mu, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo tirẹ̀ mu. Àwọn èròjà wọ̀nyí ni à ń pè ní rísẹ́pítọ̀. Nígbà tí ohun tí ó bá a mu bá kàn án, iṣẹ́ yóò wọlé sínú sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dìde, kí ó pọ̀ sí i, kí ó pa èyí, kí ó fi tọ̀hún sílẹ̀. Ohun tí a ń pè ní mímú rísẹ́pítọ̀ tají nìyẹn, yálà ara fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é tàbí oògùn ni ó bá a ṣe é.

Àwọn tí ń ṣọ́ EBV jù lọ ni sẹ́ẹ̀lì T àti sẹ́ẹ̀lì NK. Bí fáírọ́ọ̀sì náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti sẹ́ẹ̀lì B pé kí ó máa pọ̀ kọjá ààlà, sẹ́ẹ̀lì B náà a máa gbé àwọn àmì ìnira jáde sí awọ rẹ̀. Rísẹ́pítọ̀ kan wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ológun tí ó ń rí irú àmì bẹ́ẹ̀, NKG2D ni wọ́n ń pè é. Òmíràn ni CD27. Ara sẹ́ẹ̀lì T ni CD27 wà, ó sì ń bá CD70, tí ó máa ń yọ lára sẹ́ẹ̀lì B tí fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, pàdé. Ìpàdé méjèèjì ni ó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì T tí ó dá EBV mọ̀ di ọ̀pọ̀ tó láti ká a lọ́wọ́ kò.

Àwọn ọmọ tí a bí láìní àwọn rísẹ́pítọ̀ wọ̀nyí ni ó fi ẹ̀rí èyí hàn fún aráyé. Ní 2011, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ọmọkùnrin tí àbùkù wà nínú jíìnì kan tí ń jẹ́ MAGT1. EBV pọ̀ lára wọn kọjá bí ó ti yẹ, lìmfómà sì mú lára wọn. Ní 2013 wọ́n ṣàlàyé síwájú sí i pé NKG2D ni ó ti dín kù lára sẹ́ẹ̀lì ológun wọn. Láti 2012 ni a ti mọ àwọn ìdílé tí CD27 kò ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ní 2017 a mọ àwọn tí kò ní CD70, ní 2019 a sì mọ àwọn tí rísẹ́pítọ̀ mìíràn, CD137, kò ṣiṣẹ́ lára wọn. Irú ìdílé wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n gan-an ní gbogbo àgbáyé. Síbẹ̀ ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn: àìsàn tí EBV ń fà, títí dé lìmfómà, ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu jù. Láti ara wọn ni a ti mọ̀ pé bí rísẹ́pítọ̀ kan ṣoṣo bá dákẹ́, ìṣọ́ náà lè tú ká.

Bí ibà ṣe ń rẹ ìṣọ́ náà sílẹ̀

Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí lìmfómà Burkitt ń mú ní Áfíríkà ni a bí pẹ̀lú rísẹ́pítọ̀ wọn ní pípé. Ibà tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó ń sọ ìṣọ́ wọn di aláìlágbára, ilẹ̀ wa sì ni a ti kọ́kọ́ rí i kedere. Ní 1984, Hilton Whittle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gambia jáde. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí ibà falciparum ń ṣe lọ́wọ́, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì T wọn kò lè ká sẹ́ẹ̀lì B tí EBV wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ kò mọ́.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 2014, àwọn oníwádìí tí ń ṣiṣẹ́ ní Tororo, ní Uganda, kọ̀wé nípa irú sẹ́ẹ̀lì T kan tí à ń pè ní gamma-delta. Lára ọmọ tí ibà ti ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ti dín kù, èyí tí ó sì ṣẹ́kù kò fi bẹ́ẹ̀ dáhùn mọ́ nígbà tí a bá kan rísẹ́pítọ̀ wọn. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ rántí orúkọ sẹ́ẹ̀lì yìí, nítorí pé yóò tún yọjú nísàlẹ̀.

Ọwọ́ kejì wà tí ibà fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Kòkòrò ibà máa ń gbé èròjà kan sí ara ẹ̀jẹ̀ pupa, èròjà náà sì ń ta sẹ́ẹ̀lì B jí pé kí ó máa pọ̀. Nínú pípọ̀ yẹn, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì B tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gé DNA kí ó sì máa tún un tò lè gé e níbi tí kò yẹ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé jíìnì tí ń jẹ́ MYC kúrò ní àyè rẹ̀ lórí krómósómù kẹjọ, tí ó lọ lẹ̀ mọ́ ikẹrìnlá, sẹ́ẹ̀lì náà yóò gba àṣẹ láti máa pín láìdáwọ́ dúró. Lìmfómà Burkitt nìyẹn. Ibà ń ti sẹ́ẹ̀lì B síwájú, ó sì ń rẹ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dá a dúró sílẹ̀.

Àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka EBV mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ní 1997. Ní 2012 ó ka ibà falciparum, níbi tí ó bá ti wọ́pọ̀ gidigidi, mọ́ àwọn tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fà á. Ẹ̀rí mìíràn tí yóò yé ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó ṣe ìgbéyàwó wá láti àríwá Uganda ní 2017. Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS, tí a ti mọ̀ tipẹ́ pé ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ le lára wọn, ni lìmfómà Burkitt kì í sábà mú tó àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AA. Kì í ṣe pé kò lè mú wọn o.

Ìgbìyànjú láti ta ìṣọ́ náà jí

Bí rísẹ́pítọ̀ tí ó dákẹ́ bá ń fa àrùn, ó bọ́gbọ́n mu kí a béèrè bóyá títa á jí lè dènà àrùn. Èyí tí ó sún mọ́ ìbéèrè náà jù lọ ni ìwádìí tí Yunifásítì Hong Kong tẹ̀ jáde ní 2014. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ pamidronate, tí àwọn dókítà ti ń lò tipẹ́ fún egungun tí jẹjẹrẹ ń bà jẹ́. Oògùn yìí a máa ta sẹ́ẹ̀lì T irú gamma-delta jí. Àwọn oníwádìí náà lo eku tí a ti fi sẹ́ẹ̀lì ológun ti ènìyàn sí lára, tí a sì fi sẹ́ẹ̀lì B tí EBV ti sọ dìdàkudà sí lára. Lára àwọn eku tí ó gba pamidronate, àwọn sẹ́ẹ̀lì gamma-delta pọ̀ sí i, wọ́n gba ara rísẹ́pítọ̀ tiwọn àti NKG2D dá sẹ́ẹ̀lì B náà mọ̀, wọ́n sì pa á. A kò jẹ́ kí àrùn náà ráyè gbilẹ̀.

Ní Zürich, ní ilẹ̀ Switzerland, àwọn oníwádìí lọ sọ́nà kejì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2021. Wọ́n dí CD27 lára irú eku bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì T tí ń ṣọ́ EBV kò lè pọ̀ bí ó ti yẹ. Èyí fi hàn pé kì í ṣe lára àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àbùkù nìkan ni CD27 ti ṣe pàtàkì.

Eku ni eku ń jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ohun tí a kọ sókè yìí lọ ra pamidronate fún ọmọ rẹ̀: abẹ́rẹ́ tí dókítà ń fi sínú iṣan ni, ó lè pa kíndìnrín lára, ó sì lè mú kí èròjà kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa títa rísẹ́pítọ̀ jí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2006, ní London, a fún ọkùnrin mẹ́fà tí ara wọn le ní oògùn tuntun kan, TGN1412, tí ó ń ta rísẹ́pítọ̀ CD28 jí lára sẹ́ẹ̀lì T. Kí wákàtí mélòó kan tó kọjá, sẹ́ẹ̀lì ológun wọn ti dojú ìjà kọ ara tí wọ́n ń ṣọ́. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a gbé lọ sí ibi ìtọ́jú àwọn tí ó wà láàárín ikú àti ìyè. Wọ́n yè é, ṣùgbọ́n kò yọ wọ́n sílẹ̀ láìfi àpá sí wọn lára. Urelumab, oògùn tí ń ta CD137 jí, náà ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́ nígbà tí a ń dán an wò fún jẹjẹrẹ, ènìyàn méjì sì kú. Láti ìgbà náà ni àwọn oníwádìí ti ń fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi sùúrù ṣe é.

Ọ̀rọ̀ magnẹ́síọ̀mù náà yẹ ní sísọ, nítorí pé ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò àti kápúsù tí a ń tà kiri. Ní 2013, ìrètí wà pé oníṣu magnẹ́síọ̀mù lè mú NKG2D padà bọ̀ sípò lára àwọn ọmọ tí jíìnì MAGT1 wọn ní àbùkù. Nígbà tí a fi ìwádìí tí ó péye dán an wò lára àwọn tí ó ní àrùn náà, kò ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́ fún àwọn tí a tìtorí wọn ronú rẹ̀, a kò rí ìdí tí ẹni tí kò ní àbùkù náà yóò fi máa rà á fún ìdènà jẹjẹrẹ.

Ọ̀nà kan tí ó ti bọ́ sí ọwọ́ dókítà yàtọ̀ sí títa rísẹ́pítọ̀ jí: sẹ́ẹ̀lì T tí a ti kọ́ láti dá EBV mọ̀, tí a gbà lára ẹlòmíràn, ni a ń fún aláìsàn. Ní oṣù kejìlá 2022, ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan, tabelecleucel, fún àwọn tí a pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún tí lìmfómà EBV sì mú. Kì í ṣe fún lìmfómà Burkitt, kò sì tíì sí ní arọ́wọ́tó lọ́dọ̀ wa.

Ní kúkúrú, a kò tíì ní oògùn atanijí kankan tí a fọwọ́ sí láti fi dènà lìmfómà Burkitt lára ọmọdé. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ní i nínú ìgò, ẹ bi í léèrè rísẹ́pítọ̀ wo ni ó ń ta jí, àti lára sẹ́ẹ̀lì wo. Ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀sín. Jẹjẹrẹ yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ológun ara tí a ti ta jí ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó bá ń mú gbogbo wọn pọ̀ láìṣẹ̀ṣà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ.

HIV, àti ìwádìí tí a ṣe ní Abidjan

Nínú àwọn àgbàlagbà, HIV ni ó sábà máa ń tú ìṣọ́ náà ká. CD4, rísẹ́pítọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì T olùdarí fi ń ṣiṣẹ́, ni kòkòrò HIV ń lò bí ilẹ̀kùn láti wọ inú rẹ̀. Bí àwọn olùdarí yìí bá ti ń kú, EBV a máa ráyè, lìmfómà sì lè tẹ̀lé e.

Ìròyìn ayọ̀ tí ó wà níbí, Abidjan wà lára ibi tí ó ti wá. Ìwádìí tí ń jẹ́ Temprano, tí ètò PAC-CI ṣe ní àwọn ibi ìtọ́jú mẹ́sàn-án ní ìlú náà, gba ènìyàn 2,056 tí ó ní HIV. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015: àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV lójú ẹsẹ̀, láìdúró kí CD4 wọn lọ sílẹ̀, rí àdínkù ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ewu ikú tàbí àìsàn líle. Ní ọdún kan náà, ìwádìí START, tí a ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, fi hàn pé bíbẹ̀rẹ̀ oògùn ní kíá tún ń dín àwọn jẹjẹrẹ tí kòkòrò ń fà kù lọ́pọ̀lọpọ̀, lìmfómà sì wà nínú wọn. Nínú ọdún 2015 yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo ẹni tí ó bá ní HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn. Oògùn náà kì í ta rísẹ́pítọ̀ kankan jí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí àwọn tí ó ní i kú. Ọ̀fẹ́ ni ní àwọn ibi ìtọ́jú ìjọba ní Côte d'Ivoire.

Ohun tí ọwọ́ òbí tó lónìí

Dídènà ibà ni ó sún mọ́ jù lọ nínú ohun tí òbí lè ṣe kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ológun ọmọ rẹ̀ má baà rẹ̀. Kí ọmọ máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí, kódà nígbà tí ooru bá mú. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ibà, kí a sì lo oògùn tí dókítà kọ tán, kì í ṣe ìdajì káàdì tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e sórí kiri ọjà. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje 2024 ni Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ kéékèèké ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí ń jẹ́ R21, Abidjan sì ni wọ́n ti ṣí i. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà, ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ń gbà á. Ẹ béèrè ní ibi tí ọmọ yín ti ń gba abẹ́rẹ́ bóyá ó ti dé àdúgbò yín.

Bí wíwú bá ti yọjú, ilé-ìwòsàn ni. CHU de Treichville kò jìnnà sí ọjà, ó sì ti pẹ́ tí àwọn dókítà ibẹ̀ ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọmọdé. Ó wà nínú ẹgbẹ́ GFAOP, tí àwọn dókítà jẹjẹrẹ ọmọdé láti Faransé àti Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 2000. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ ní ẹnu ọ̀nà ni « oncologie pédiatrique ». Wọn yóò gé díẹ̀ lára wíwú náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀, wọn yóò ya àwòrán ikùn, wọ́n sì lè fa omi díẹ̀ láti ọ̀pá ẹ̀yìn. Kí àyẹ̀wò yìí má ba òbí lẹ́rù: láìṣe é, kò sí ẹni tí ó lè mọ oògùn tí ó yẹ.

Lìmfómà Burkitt ṣeé wò. Kì í ṣe àrọ̀sọ. Ní àwọn ọdún 1960 ni Burkitt ní Kampala, àti Victor Anomah Ngu, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Kamẹrúùnù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó fi hàn pé oògùn nìkan, láìsí iṣẹ́-abẹ ńlá, lè mú un yọ́. Àwọn méjèèjì wà nínú àwọn tí a fún ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà ní 1972. Cyclophosphamide ni olórí àwọn oògùn náà títí di òní. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní mẹ́jọ nínú ọmọ mẹ́wàá tí ń yè. Iye náà kéré sí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé a ń pẹ́ kí a tó dé ilé-ìwòsàn, owó sì máa ń tán kí ìtọ́jú tó parí.

Ìdí mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìròyìn rere gan-an ni ó ń fà á. Lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́, wíwú náà lè yọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú ọmọ yóò padà bọ̀ sípò, yóò máa jẹun. Òbí yóò rò pé ó ti parí, pàápàá bí irun ọmọ bá ti ń re, tí èébì sì ń dà á láàmú nítorí oògùn. Kò tíì parí. Sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí ojú kò rí ṣì wà níbẹ̀, bí a bá sì dáwọ́ dúró, wọn yóò padà, oògùn kan náà lè má ran wọ́n mọ́. Ìtọ́jú náà ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì lè tó oṣù mélòó kan; dókítà nìkan ni ó lè sọ ìgbà tí ó tó.

Bí ó bá di dandan kí a gbé ọmọ padà sí Nàìjíríà láàárín ìtọ́jú, kí òbí sọ fún dókítà kí wọ́n tó wọkọ̀. Kí ó gba ìwé tí ó fi orúkọ àrùn, orúkọ oògùn, ìwọ̀n tí a fún ọmọ, àti ọjọ́ tí a fún un kẹ́yìn hàn, kí ó sì gba èsì àyẹ̀wò wíwú náà pẹ̀lú. Ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń tọ́jú lìmfómà Burkitt tipẹ́; bí èdè Faransé ni a tilẹ̀ fi kọ ìwé náà, dókítà ibẹ̀ yóò dá orúkọ oògùn mọ̀, wọn yóò sì lè máa bá a lọ láti ibi tí Abidjan bá a dé.